Wákàtí Kan Yẹn, Tiwọn Ni

Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ kan bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa ní Ẹ̀dá-Oníyọ̀

N kò ní í pẹ́ lórí ìdúró, nítorí mo mọ̀ pé àwọn dírẹ́bà kan ṣì ń padà sẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ òní.

Ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ Ràmádáànì ni mo fẹ́ sọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bi mí pé kí ló kan ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì nínú ààwẹ̀ Mùsùlùmí. Ó kàn mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe kàn mí.

Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, mo wà ní ilé iṣẹ́ kan tí n kò ní í dárúkọ. Ẹ̀rọ kan náà ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ń tọ́jú, èmi ní òwúrọ̀, òun láti agogo méjì ọ̀sán sí agogo mẹ́wàá alẹ́. Mùsùlùmí ni. Nígbà tí ààwẹ̀ dé, orí ìdúró ló ti ń fi omi ṣínu, nítorí wọ́n ní ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ dúró. Kò ní í rí oúnjẹ gidi jẹ títí di agogo mẹ́wàá. Ó wá bẹ̀ mí pé ká jọ pààrọ̀ fún oṣù kan péré. Mo kọ̀. Mo tilẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní ṣé èmi ni mo rán an pé kó gbààwẹ̀ ni. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Òun náà fi ẹ̀rín bò ó mọ́lẹ̀.

Nígbà tí ààwẹ̀ ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, òòyì kọ́ ọ nídìí ẹ̀rọ. Ó nawọ́ kí ó má baà ṣubú, ẹ̀rọ sì gé ìka méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo lọ kí i nílé, kò bá mi jà. Ó ní kí wọ́n bu oúnjẹ ìṣínu fún mi. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni wọ́n fi báńdéèjì wé, ọwọ́ òsì ló fi ń jẹun. Ẹ̀yin ará, mo jẹ oúnjẹ yẹn, ṣùgbọ́n n kò mọ adùn rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ náà ní ẹ̀bi tiwọn, nítorí ẹ̀rọ yẹn kò ní ìbòrí ààbò kankan. Ẹ̀bi tèmi ni mo wá jẹ́wọ́ níbí. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àánú. Ọ̀rọ̀ ìlànà iṣẹ́ ni, iṣẹ́ ẹgbẹ́ sì ni.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí à ń sọ. Ọjọ́ 29 tàbí 30 ni ààwẹ̀ náà. Láti ìdájí títí oòrùn yóò fi wọ̀, kò sí oúnjẹ, kò sí omi. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, ó lé ní wákàtí 13 lóòjọ́. Lọ́dọọdún ni oṣù náà ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 ṣíwájú, ó sì ti bọ́ sínú ẹ̀ẹ̀rùn báyìí. Ẹni tó ń ru sìmẹ́ǹtì tàbí tó dúró ti iná nínú ooru yẹn, ẹ mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí.

Kí ni òfin sọ? Òfin Iṣẹ́ ti 1974 ní kí òṣìṣẹ́ tó bá ṣe iṣẹ́ wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́ ní ìsinmi tí àròpọ̀ rẹ̀ kò dín sí wákàtí 1. Òfin-ìpìlẹ̀ ti 1999, ní abala 38, sì fún olúkúlùkù lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe ẹ̀sìn rẹ̀. Mùsùlùmí kì í jẹun ọ̀sán nínú Ràmádáànì, ṣùgbọ́n wákàtí kan yẹn ṣì jẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó wà ní ṣíìfù òwúrọ̀ lè fi sinmi kó sì kírun. Ẹni tó wà ní ti ọ̀sán, ká bá ọ̀gá sọ ọ́ kí wọ́n sún un sí àsìkò tí oòrùn bá wọ̀. A kò tọrọ ohunkóhun. Ohun tó jẹ́ tiwọn ni.

Ẹnìkan bi mí léèrè pé ta ni yóò ṣe é fún àwa Kìrìstẹ́nì. Ìbéèrè rere ni. Ní 2025, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹta ni ààwẹ̀ Ràmádáànì bẹ̀rẹ̀, Lẹ́ńtì sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ karùn-ún. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan láàárín méjèèjì! Pàṣípààrọ̀ ni mo ń wí. Ẹni tí o bá bá pààrọ̀ ṣíìfù lónìí ni yóò dúró fún ọ lọ́jọ́ Kérésìmesì àti Àjíǹde. Ẹni tó bá sì fẹ́ lọ ṣe ọdún Ògún ní Ìrè, ẹgbẹ́ kò ní í yọ òun náà sílẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún fọ́manù tó bá ń sọ pé, “Àwọn Mùsùlùmí ń lọ sinmi, ẹ̀yin ni ẹ ó ṣe iṣẹ́ wọn.” Ó fẹ́ pín wa ni. Ní June 1964, Michael Imoudu, Alhaji H. P. Adébọ̀lá àti Wahab Goodluck pa ohùn pọ̀, iṣẹ́ sì dúró jákèjádò Nàìjíríà. Ní May 1981, Hassan Sunmonu, Mùsùlùmí, ààrẹ àkọ́kọ́ fún NLC, ló ṣíwájú ìyanṣẹ́lódì tó mú 125 náírà wá gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tó kéré jù. Kìrìstẹ́nì wo ló dá owó náà padà nítorí ẹni tó jà fún un?

Ohun tí mo ń bẹ ẹgbẹ́ láti ṣe kò pọ̀.

Èkínní, kí a kọ orúkọ àwọn tó fẹ́ pààrọ̀ ṣíìfù sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì kí oṣù tó lé, kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó, kí ọ̀gá sì buwọ́ lù ú. Ohun tí a kò kọ sílẹ̀, fọ́manù lè sẹ́ ẹ lọ́la.

Èkejì, kí a má ṣe fi ẹni tó ń gbààwẹ̀ sídìí ẹ̀rọ tó léwu ní ìrọ̀lẹ́, kí a má sì gé owó rẹ̀ nítorí rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin dírẹ́bà. Agogo mẹ́fà sí méje ìrọ̀lẹ́ léwu: ojú ọjọ́ ń ṣe bàìbàì, ẹni tí ebi ń pa sì ń sáré kó lè bá ìṣínu nílé. Ẹ gbé omi àti dàbínù sínú ọkọ̀. Bí àsìkò bá tó, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kọ̀ndọ́, bá àwọn èrò sọ̀rọ̀ kí wọ́n má pariwo. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù gba aláìsàn àti arìnrìn-àjò láàyè láti sinmi ààwẹ̀ kí wọ́n sì san án lẹ́yìn oṣù náà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbààwẹ̀ àti àlùfáà rẹ̀ ló ni ìpinnu yẹn. Kì í ṣe èmi, kì í ṣe ọ̀gá.

Ní ọjọ́ Ìtunu Ààwẹ̀, kí Kìrìstẹ́nì kọ́kọ́ yọ̀ǹda ara wọn fún iṣẹ́ tí kò lè dúró. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá wọn jẹun! Kí Mùsùlùmí tó kírun ọdún, ó ti yọ jákà fún aláìní, kí ebi má baà pa ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ ayọ̀. Òṣìṣẹ́ wo ni kò lóye ìyẹn? Nínú ilé kan náà, ẹ̀gbọ́n ń kírun, àbúrò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìkòkò kan ni wọ́n ń bù nínú rẹ̀. Wéré tí wọ́n fi ń jí ènìyàn fún sàárì ló bí fújì tí Síkírù Àyìndé Barrister sọ di ìlúmọ̀ọ́ká, gbogbo wa la sì ń jó o.

Ọ̀rẹ́ mi yẹn ṣì wà láàyè. Lọ́dọọdún ni mo ń lọ kí i kú ọdún, kò sì fìgbà kan mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n bó bá ti bọ̀ mí lọ́wọ́, mo máa ń mọ̀ ọ́n lára pé ìka méjì kò sí níbẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnìkan nínú ẹ̀ka yìí ní irú ìrántí bẹ́ẹ̀.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹgbẹ́ wa kò ní í tú o.