Kí Wọ́n Tó Gé Ilẹ̀ Ogun Ìjàyè Ní Púlọ́ọ̀tì

(Ọ̀rọ̀ tí Alukoro ẹgbẹ́ sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá)

Bí a ṣe pé ọdún mẹ́wàá yìí, a ó pé ogún, a ó pé ọgbọ̀n.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa mójú tó ni ilẹ̀ ogun tó wà ní Akínyẹlé tiwa níbí, ìyẹn Ìjàyè Orílé.

Ọ̀pọ̀ ọmọ wa mọ Kúrunmí láti inú eré tí Ọlá Rótìmí kọ, àmọ́ díẹ̀ nínú wọn ló mọ̀ pé ọ̀nà Mọníyà ni ìlú rẹ̀ wà. Nígbà tí Aláàfin Àtìbà wàjà ní 1859, Àrẹ̀mọ Adélù gorí ìtẹ́. Kúrunmí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, kọ̀ jálẹ̀, ó ní ṣe ni Àrẹ̀mọ máa ń bá baba rẹ̀ kú. Ìbàdàn gba ti Adélù. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 1860. Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè. Balógun Ìbíkúnlé àti Ògúnmọ́lá ṣíwájú Ìbàdàn. Kúrunmí kú ní 1861. Ní oṣù kẹta 1862, Ìjàyè fọ́. Àwọn kan sá lọ sí Abẹ́òkúta, wọ́n kó àwọn mìíràn lẹ́rú.

Ẹnì kan lè ní, “Alukoro, ṣebí Ìbàdàn ló ṣẹ́gun, kí la fẹ́ fi ahoro ẹni tí a ṣẹ́ ṣe?” Ẹ jẹ́ ká wo ara wa nínú gbọ̀ngàn yìí. Ọmọ jagunjagun wà níbí, ọmọ ẹni tí wọ́n kó lógun náà wà níbí, aṣọ ẹgbẹ́ kan náà la sì jọ wọ̀. Ẹ tún wo Umuahia. Mùsíọ́mù ogun abẹ́lé ti wà níbẹ̀ láti 1985. Ìjọba àpapọ̀ tó borí ogun ló dá a sílẹ̀, ilẹ̀ àwọn tí ogun náà jà jù ló sì wà.

Iṣẹ́ báńkì tí mò ń ṣe ti kọ́ mi pé ohun tí kò bá sí nínú ìwé, ẹlòmíràn kò ní pẹ́ ná an. Ọkọ̀ ojú irin ti ń dé Mọníyà láti 2021, ọ̀nà Mọníyà sí Ìsẹ́yìn náà ti di ọ̀tun. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀dà bá dé, àwọn tó ń ta ilẹ̀ á tẹ̀lé e. Katakata kì í béèrè ìtàn. Ohun tó bá wó, owó kò lè rà á padà.

Àjọ tó ń mójú tó mùsíọ́mù àti ohun ìrántí wà ní Àbùjá, òfin 1979 ló dá a sílẹ̀. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ti di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1965. Lẹ́yìn ogójì ọdún, ní 2005, UNESCO kà á mọ́ àjogúnbá gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá kọ̀wé, Àbùjá kò ní mọ̀ ọ́n.

Mo dábàá ohun mẹ́ta. Èkíní, kí a gba ohùn àwọn àgbà Ìjàyè àti abúlé tó yí i ká sílẹ̀ kí ọdún yìí tó parí. Èkejì, kí a bẹ Baálẹ̀ àti mọ̀lẹ́bí onílẹ̀, kí awọnlẹ̀ lè wọn ibi tó bá ṣẹ́kù, kí ó sì yà á sórí ìwé. A kò fẹ́ gba ilẹ̀ onílẹ̀ o. Ibi ìrántí nìkan là ń tọrọ. Ẹ̀kẹta, kí a kọ̀wé sí káńsù Akínyẹlé, kí a fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí àjọ náà. Ẹ má bínú, mo ti ṣírò rẹ̀: kò tó owó aṣọ tó wà lọ́rùn wa lónìí.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. A ti ń di àgbà. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa rí ẹ̀yìn tí wọn yóò wò.

Ẹgbẹ́ wa kò ní tú o.