Bí Ẹ̀rọ Bá Dákẹ́, Ṣé Ìwé Wà?



Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan. Nígbà tí a bá gba ọrẹ tán lọ́jọ́ ìsinmi, ta ló máa ń kà á? Kì í ṣe ẹnì kan. Bó jẹ́ pásítọ̀ pàápàá, kò gbọdọ̀ dá a kà. Ènìyàn mẹ́ta ló ń jókòó tì í. Wọn á kọ iye rẹ̀ sínú ìwé, wọn á sì fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ni akápò á tó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Bí kọ̀ǹpútà náà bá bàjẹ́ lọ́la, iye ọrẹ wa kò yí padà, nítorí pé ìwé wà, ẹlẹ́rìí sì wà.

Ìdìbò wa náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 2023, púpọ̀ nínú yín tò sórí ìlà ní Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá àti Ìgándò láti yan ààrẹ. Ẹ̀rọ BVAS wo ìka tàbí ojú yín, ẹ sì dìbò. INEC ti ṣèlérí pé bí wọ́n bá ka ìbò tán, wọn yóò fi ẹ̀rọ yẹn ya fọ́tò ìwé èsì, wọn yóò sì gbé e sórí IReV, níbi tí gbogbo ayé ti lè wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá, èsì àwọn aṣòfin ń wọlé, ti ààrẹ kò wọlé. Àlàyé tí INEC ṣe lẹ́yìn náà ni pé ìpínlẹ̀-ìpínlẹ̀ ni ètò kọ̀ǹpútà wọn ń to èsì sí. Ti ààrẹ kò sì sí lábẹ́ ìpínlẹ̀ kankan, nítorí náà ẹ̀rọ kò mọ ibi tí yóò gbé e sí. Kí wọ́n tó tún un ṣe ní alẹ́ ọjọ́ náà, ìfura ti gba ìlú kan.

Àwọn tó ń fọ́lé orí kọ̀ǹpútà náà kò sùn. Ní ọdún 2022, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mahmood Yakubu, tó jẹ́ alága INEC nígbà náà, sọ pé nígbà ìdìbò Èkìtì àti Ọ̀ṣun, àwọn kan gbìyànjú láti já wọ inú IReV, àwọn mìíràn láti Éṣíà lọ́hùn-ún. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 2015, wọ́n ba ojú ìwé INEC lórí íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́. Ọjọ́ yẹn kan náà ni ẹ̀rọ tó ń ka káàdì kọ̀ jálẹ̀ fún Ààrẹ Goodluck Jonathan fúnra rẹ̀ ní Otuoke. Síbẹ̀ ìdìbò náà yọrí, nítorí pé ìwé orúkọ àti ìwé èsì wà nílẹ̀.

Ẹ kíyè sí i: BVAS kì í ka ìbò. Ènìyàn ló ń kà á, ní gbangba, ní ibùdó ìdìbò. Iye náà ni wọ́n ń kọ sínú ìwé EC8A. Àwọn aṣojú ẹgbẹ́ á fọwọ́ sí i, wọn á gba ẹ̀dà. Wọn á tún kọ ọ́ sórí EC60E, wọn á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀ kí gbogbo ènìyàn rí i. Ẹni tó bá fọ́ gbogbo kọ̀ǹpútà Àbújá kò lè ti ibẹ̀ ya ìwé kúrò lára ògiri ní Ìgándò.

Èmi kò ní kí a sọ ẹ̀rọ nù o. BVAS ni kò jẹ́ kí ẹnì kan dìbò fún ènìyàn mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ nìkan kò tó ẹ̀rí. Nínú ẹjọ́ gómìnà Ọ̀ṣun, ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sọ pé ẹni tó bá ní ìbò pọ̀ ju olùdìbò lọ gbọ́dọ̀ kó mẹ́ta wá: ìwé orúkọ olùdìbò, ẹ̀rọ BVAS fúnra rẹ̀, àti EC8A. Ẹ̀yin tó mọ Deutarónómì 19:15 mọ̀ pé a kì í fi ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo dá ẹjọ́.

Kí ni kí a wá ṣe? Bí wọ́n bá ti lẹ èsì, ẹ padà lọ wò ó. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ sì fi wé ti IReV. Fọ́tò èsì ni mo wí o. Ẹ má mú fóònù dé ibi tí ẹ ti ń tẹ̀ka. Ẹni tó bá jẹ́ aṣojú ẹgbẹ́ láàrin wa, má kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó kà tán, má sì fọwọ́ sí ìwé òfìfo. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti ta gbogbo ọmọ àdúgbò rẹ̀. Bí wọ́n bá fi èsì ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, ẹ bi ẹni tó fi ránṣẹ́ pé ibùdó wo ni, ìwé rẹ̀ dà? Bí kò bá ní ìdáhùn, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ẹ má fi káàdì yín tàbí nọ́mbà rẹ̀ fún ẹni tó ń pín ìrẹsì. Bí ẹ bá sì rí i pé ìjà fẹ́ bẹ́, ẹ máa lọ sílé. Òkú kì í jẹ́rìí.

Alímọ̀ṣọ́ ni olùdìbò pọ̀ sí jùlọ ní gbogbo ìpínlẹ̀ Èkó. Bí ènìyàn méjì péré láti inú ìdílé kọ̀ọ̀kan bá lọ ka ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, ta ni yóò lè sọ fún wa pé ohun tí a rí kọ́ ni a rí? A kì í fi ọrẹ Olúwa sílẹ̀ fún ẹnì kan kà. Ẹ má fi ìbò yín sílẹ̀ fún ẹ̀rọ kan.

Kí Olúwa jẹ́ kí a jẹ́ ẹlẹ́rìí òtítọ́. Àmín.