Ọta àti Ẹ̀tù fún Ìbọn Ẹlẹ́nu Méjì



Àwọn ọdẹ ṣakabùlà wa mọ̀ pé bí ẹ̀tù bá pọ̀ jù, ìbọn a bẹ́ mọ́ ọdẹ lọ́wọ́. Ìbọn ẹlẹ́nu méjì tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń rọ, èyí tí àwọn ọdẹ fi ń pa ẹfọ̀n àti erin ní Tànsáníà níbi tí òfin gbà á láyè, tún gba ìṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwọ̀n ọta kan àti eré kan ni arọ̀bọn fi so ọ̀pá méjèèjì pọ̀, kí ọta wọn lè bá ojú kan náà. Èyí tí a ń pè ní .470, gírénì 500 ni ọta rẹ̀, eré rẹ̀ sì tó ẹsẹ̀ bàtà 2,150 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ọdẹ tí ń fọwọ́ ara rẹ̀ di ọta bá bu ẹ̀tù jù, ọ̀nà ọta méjèèjì a kọjá ara wọn. Bí ẹ̀tù bá kéré, wọn a yà sọ́tọ̀.

Fún erin, ọta líle tí kì í fẹ̀ ni kí a yàn, kí ó lè wọ egungun. Fún kìnnìún, èyí tí imú rẹ̀ rọ̀.

Nígbà tí ẹfọ̀n bá kọjú sí ọdẹ, ọta kejì ni ẹ̀mí rẹ̀. Nítorí náà, òṣùwọ̀n ni kí a gbẹ́kẹ̀ lé, kì í ṣe ojú lásán. Ògún yóò máa ṣọ́ wa o.