Kí Ẹnikẹ́ni Tó Tẹ̀ka Síwèé, Ẹ Jẹ́ Ká Béèrè Ọ̀rọ̀ Omi

Ẹ̀yin baálẹ̀ àti olóyè wa, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ọ̀dọ́ Goro, ọ̀rọ̀ omi la fẹ́ bá yín sọ.

Bí ilé-iṣẹ́ bá gbẹ́ kòtò ńlá láti wa kùsà, òkúta tó ti wà lábẹ́ ilẹ̀ látayébáyé á wá rí afẹ́fẹ́ àti òjò. Òjò á fọ ohun tó wà lára òkúta náà sínú omi. Ọ̀kan nínú wọn ni selenium. Díẹ̀ rẹ̀ ń ṣe ara lóore, àmọ́ tó bá pọ̀ jù, irun á máa já, èékánná á máa bọ́. Ojú lásán kò sì lè rí i nínú omi.

Ọ̀nà wà láti wo irú omi bẹ́ẹ̀ sàn. Ní Sweetwater, ní ìpínlẹ̀ Wyoming l'Amẹ́ríkà, kòtò ìwakùsà kan ti di adágún tó ní selenium. Ní 1999, wọ́n da oúnjẹ bíi ṣúgà àti ọtí sínú rẹ̀. Oúnjẹ ta ni? Ti àwọn kòkòrò àìfojúrí inú omi ni. Níbi tí afẹ́fẹ́ kò bá sí, selenium ni wọ́n á máa fi mí. Wọ́n á sọ ọ́ di ẹyọ wẹ́wẹ́ pupa tí kò lè yòrò mọ́, á sì rọ̀ sí ìsàlẹ̀. Selenium inú omi náà sì dínkù gan-an.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi èyí tàn wá o. Owó la fi ń bọ́ kòkòrò. Bí afẹ́fẹ́ bá tún dé ìsàlẹ̀ omi, májèlé náà lè yòrò padà. Ẹnì kan ní láti máa ṣọ́ ọ fún ọdún púpọ̀. Ta ni yóò ṣọ́ ọ bí ilé-iṣẹ́ bá ti kẹ́rù lọ?

Ní 2010, òjé inú òkúta wúrà pa ọmọdé tó ju 400 lọ ní Zamfara, ní Nàìjíríà. Ikú ọmọ ló kọ́kọ́ ta àwọn dókítà lólobó. Àwa kò gbọdọ̀ dúró dìgbà yẹn.

Òfin àyíká Benin, nọ́ńbà 98-030 ti 1999, ní kí wọ́n yẹ ipa tí iṣẹ́ ńlá máa ní lára àyíká wò kó tó bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ohun mẹ́ta là ń bẹ̀ yín fún kí olóyè kankan tó tẹ̀ka síwèé:

Kí wọ́n yẹ omi kànga àti odò wa wò ṣáájú, kí ẹ̀dà èsì wà lọ́wọ́ ìlú.

Kí wọ́n ka èsì náà sétígbọ̀ọ́ gbogbo wa ní Yorùbá, ní Bàrìbá àti ní Fúlàní.

Kí owó ìtọ́jú omi ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ ilẹ̀.

A ò ní ká má ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ dáa, àwọn ọmọ wa ń wá a. Àmọ́ a kì í fi iná sórí òrùlé sùn.