Níbi tí Odò ti Pàdé Òkun: Ọ̀sà Èkó àti Àwọn Ẹ̀dá Inú Rẹ̀

  

Ìdùnnú ni ó jẹ́ fún mi pé Ẹ̀ka yìí pè mí kí n wá fi èdè Yorùbá sọ̀rọ̀ lórí ìmọ̀ kan tí ó jẹ́ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a sábà máa ń fi kọ́ni. Nígbà tí ìwé ìpè náà kọ́kọ́ dé ọwọ́ mi, ẹ̀rù bà mí díẹ̀, nítorí mo rò pé n kò ní rí ọ̀rọ̀ tí yóò tó mi lò. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń kọ ọ́ lọ, mo rí i pé àwọn ará etí omi ti fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ nǹkan tí mo fẹ́ sọ ní orúkọ kí a tó dá yunifásítì kankan sílẹ̀ ní ilẹ̀ yìí. Iṣẹ́ tèmi kò ju kí n to ọ̀rọ̀ náà jọ lọ. Kókó tí mo fẹ́ kí a fi sọ́kàn kò pọ̀: ọ̀nà ni ọ̀sà jẹ́, kì í ṣe ilẹ̀ tí omi bò. Ẹni tí ó bá dí ọ̀nà níhìn-ín, ibòmíràn ni ebi rẹ̀ yóò ti pani.

1. Òkun, Ọ̀sà àti Odò

Yorùbá kò fi orúkọ kan ṣoṣo pe gbogbo omi. Odò ni èyí tí ń ṣàn wá láti òkè. Òkun ni alagbalúgbú omi iyọ̀ tí ojú kò tó òdì-kejì rẹ̀. Ọ̀sà sì ni èyí tí ó wà láàrin àwọn méjèèjì. Àwọn tí wọ́n ń bọ Olókun kò da Ọlọ́sà pọ̀ mọ́ ọn. Ìpín yìí bá ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì mu. Bí a bá wọn omi òkun kílógíráàmù kan, iyọ̀ inú rẹ̀ yóò tó nǹkan bí gíráàmù 35. Iyọ̀ inú omi odò kì í sábà tó ìdajì gíráàmù kan. Omi ọ̀sà ni kò dúró lójú kan: ó ń lọ, ó ń bọ̀ láàrin ìwọ̀n méjèèjì. Omi yìí ni n ó máa pè ní omi àbùlà nínú ọ̀rọ̀ tòní.

Ọ̀sà Èkó fẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà onígun mẹ́rin 200, ṣùgbọ́n kò jìn. Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ibi, omi rẹ̀ kò ju mítà kan ààbọ̀ lọ. Odò Ògùn ń ṣàn wọ inú rẹ̀ láti àríwá. Láti ìlà-oòrùn, omi odò Ọ̀ṣun ń gba ọ̀sà Lẹ́kí àti ti Ẹ̀pẹ́ wá bá a. Láti ìwọ̀-oòrùn, omi odò Yewa ń gba ọ̀nà Àgbádárìgì wá. Yorùbá ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó wọ Ọ̀sà Èkó láti òkun: ẹnu omi tí àwọn ọkọ̀ ojú omi ńláńlá ń gbà wọ èbúté. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni òkun ń kún, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó sì ń fà. Bí ó bá kún, omi iyọ̀ a gba ẹnu yìí wọlé. Nítorí pé ó wúwo ju omi odò lọ, ìsàlẹ̀ ni ó máa ń gbà. Bí ó bá fà, omi àbùlà a tún jáde.

2. Ọdún Méjì Nínú Ọdún Kan

Àwa tí a ń gbé orí ilẹ̀ mọ ìgbà òjò àti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Fún ẹ̀dá inú ọ̀sà, ìyàtọ̀ ìgbà méjèèjì ju òjò àti oòrùn lọ. Ó dà bí ẹni pé ìlú kan náà ń yí ibi tí ó wà padà. Ní oṣù kejì àti oṣù kẹta, nígbà tí odò ti fà, òkun a wọlé débi pé iyọ̀ omi tí ó súnmọ́ èbúté a fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti òkun fúnra rẹ̀. Láti oṣù kẹfà títí di oṣù kẹwàá, odò a kún, omi pupa a bo ọ̀sà, iyọ̀ a sì dínkù débi pé ní apá tí ó pọ̀ jù, omi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ di omi odò pátápátá.

Ìyípadà yìí kì í ṣe ohun kékeré. Ara ẹja ní ìwọ̀n iyọ̀ tirẹ̀. Bí ó bá wà nínú omi tí iyọ̀ rẹ̀ kéré sí ti ara rẹ̀, omi a máa wọ̀ ọ́ lára, ó sì gbọ́dọ̀ máa tu ú dà. Bí ó bá wà nínú omi òkun, omi a máa jáde kúrò lára rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ máa mu, kí ó sì máa yọ iyọ̀ dànù. Ẹja tí ó lè ṣe méjèèjì kò pọ̀. Ìdí nìyí tí irú ẹ̀dá tí ń gbé ọ̀sà ní gbogbo ọdún fi kéré ní iye, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n lè gbé ibẹ̀ a pọ̀ bí eṣú, nítorí oúnjẹ pọ̀, abánidíje kò sì pọ̀. Ẹ wo èpìyà inú ọ̀sà, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Sarotherodon melanotheron. Omi odò kò lé e, omi òkun kò lé e. Bí abo rẹ̀ bá yé ẹyin tán, akọ ni ń kó wọn sí ẹnu, tí ó ń gbé wọn káàkiri títí wọn ó fi pa. Ẹyin tí ó wà lẹ́nu baba kò bẹ̀rù kí omi gbé e lọ.

Ẹ̀dá mìíràn wà tí kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ tí ó ń padà wá lọ́dọọdún. Ní àwọn ọdún 1950, J. E. Webb, tí ó ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì ti Ìbàdàn, kíyè sí ẹ̀dá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ń fara pamọ́ sínú yanrìn ìsàlẹ̀ ọ̀sà. Kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, kò ní egungun ẹ̀yìn, okùn kan ṣoṣo ni ó gbé ẹ̀yìn rẹ̀ ró. Òun ni ó fún un ní orúkọ Branchiostoma nigeriense. Ní 1958, òun àti M. B. Hill tẹ ọ̀wọ́ àròkọ jáde lórí Ọ̀sà Èkó, níbi tí wọ́n ti fi hàn pé bí òjò bá dé, gbogbo ẹ̀dá yìí tí ó wà nínú ọ̀sà ni ó máa ń kú, nítorí iyọ̀ kò tó wọn mọ́. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì tún dé, òkun a gbé àwọn ọmọ wọn kéékèèké wọlé, wọn a sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá wá wo ọ̀sà ní oṣù kẹsàn-án yóò sọ pé kò sí irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ó bá wá ní oṣù kẹta yóò sọ pé ó kún ibẹ̀. Àwọn méjèèjì kò purọ́, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó mọ ọ̀sà nínú wọn.

3. Edé Méjì, Ìrìn Méjì

Nínú ohun gbogbo tí mo lè fi ṣe àpẹẹrẹ, kò sí èyí tí ó tó edé. Edé òkun tí a ń pè ní Penaeus notialis, inú òkun ni ó ń yé sí. Ọmọ rẹ̀, tí ojú lásán kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí, a bá omi kíkún wọ ọ̀sà. Níbẹ̀ ni yóò ti jẹun, níbi tí omi kò jìn, tí ẹja ńlá kò pọ̀. Bí ó bá dàgbà díẹ̀, yóò bá omi fífà padà sínú òkun láti lọ yé ẹyin tirẹ̀. Àwọn ọkọ̀ apẹja ńlá ni yóò kó o lójú òkun.

Edé odò, Macrobrachium vollenhovenii, ń rin ìrìn tí ó lòdì sí èyí. Omi odò ni ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ kò lè yè nínú omi tí kò ní iyọ̀ rárá. Nítorí náà, abo tí ó lóyún a máa sọ̀ kalẹ̀ wá sínú omi àbùlà, ibẹ̀ ni ẹyin yóò ti pa, bí àwọn ọmọ bá sì ti gbó díẹ̀, wọn a gun odò padà lọ sí òkè.

Ọ̀kan ń ti òkun bọ̀, ọ̀kan ń ti odò bọ̀. Ọ̀sà ni wọ́n ti ń pàdé. Bí a bá ba ọ̀sà jẹ́, ẹni tí ń pa edé lójú òkun yóò wá edé tì, ẹni tí ń dẹ ìgèrè fún edé ní odò Ògùn náà yóò wá a tì, kò sì sí èyí nínú wọn tí yóò ronú pé Èkó ni ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ti agbódó, tí àwọn obìnrin etí omi ń yan tà títí dé ọjà òkè: inú omi àbùlà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń dàgbà.

4. Igi Ẹ̀gbà

Oúnjẹ wo ni àwọn ọmọ edé àti ọmọ ẹja wọ̀nyí ń jẹ? Ẹ jẹ́ kí a wo igi ẹ̀gbà, igi àbàtà tí gbòǹgbò rẹ̀ ń ta jáde láti ara igi, tí ó tẹ̀ kọdọrọ wọ inú ẹrẹ̀ bí ẹsẹ̀ akàn. Èso rẹ̀ kì í dúró de ilẹ̀ kí ó tó hù. Orí ìyá rẹ̀ ni ó ti ń hù, tí yóò fi já bọ́ sínú ẹrẹ̀ tàbí kí omi gbé e lọ. Ewé rẹ̀ tí ó bá wọ́ dànù a já sínú omi, akàn a fà á ya, àwọn ẹ̀dá aláìṣeéfojúrí a sọ ọ́ di rírà, ọmọ edé a sì jẹ ẹ́. Ẹja a jẹ edé, ẹyẹ àti ènìyàn a jẹ ẹja. Ìsáwùrú ń rìn lórí ẹrẹ̀ abẹ́ rẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ ni ẹja kékeré ń sá sí bí kúta bá ń lé e. Ẹni tí ó bá gé ẹ̀gbà fún igi ìdáná rò pé igi ni òun gé. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

5. Ohun tí Ọwọ́ Wa Ṣe

Etíkun wa ti kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ yìí rí. Ní 1908 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í kó òkúta sínú òkun ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ẹnu omi Èkó, kí ọkọ̀ ńlá lè máa wọlé láìfi ara gbá yanrìn. Ọkọ̀ wọlé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n yanrìn tí òkun ń kó láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn kò rí ọ̀nà kọjá mọ́. Ó gbá jọ sí apá ìwọ̀-oòrùn, òkun sì ń jẹ etíkun Bar Beach lọ ní apá kejì, fún ọ̀pọ̀ ọdún. A dí ọ̀nà níhìn-ín, ebi pa ilẹ̀ lọ́hùn-ún.

Ní Awóyè ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ohun tí a ṣe ni òdì-kejì rẹ̀: ọ̀nà ni a là níbi tí kò yẹ kí ọ̀nà wà. Nítorí iṣẹ́ epo, a gbẹ́ ipa omi láti òkun wọ inú àbàtà ní àwọn ọdún 1970. Omi iyọ̀ wọ inú igbó tí omi odò ni ó mọ̀. Igi kú ní ìdúró, omi mímu bàjẹ́, ẹja tí àwọn ènìyàn mọ̀ sì lọ.

Iyọ̀ kan náà tí ó ṣe ibi ní Awóyè ń ṣe oore ní Èkó. Ní 1984, ewéko olódòdó kan tí ó jọ ojúoró, tí ilẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà jẹ́ ilé rẹ̀, gba ọ̀nà omi Àgbádárìgì wọ ọ̀sà wa. Ó bo omi débi pé ọkọ̀ kò rí ọ̀nà kọjá. Lọ́dọọdún, nígbà òjò, a máa pọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, níbi tí iyọ̀ bá dé, a kú. Kì í ṣe iyọ̀ ni ọ̀tá, kì í sì í ṣe omi odò. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni kí olúkúlùkù dé ibi tí ó yẹ kí ó dé, ní àsìkò rẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí a ń ṣe sí ọ̀sà fúnra rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni èérún pákó láti ibi ìlagi Èbúté Mẹ́ta ń bọ́ sínú omi. Bí ó bá ń rà, a máa gba afẹ́fẹ́ inú omi tí ẹja ìbá fi mí. Ìgbẹ́ ìlú àti omi ìdọ̀tí ń wọ inú rẹ̀. Ní 1983 ni a ṣí ìdídò Ọ̀yán, tí ó ń dá omi tí ì bá ṣàn wọ odò Ògùn dúró, tí ó sì ń tú u sílẹ̀ ní àkókò tí ènìyàn bá fẹ́. A ń fa yanrìn láti ìsàlẹ̀ ọ̀sà, a sì ń kó yanrìn dí etí rẹ̀ láti fi kọ́lé.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò bi mí pé, ǹjẹ́ ènìyàn kò ju edé lọ? Ìbéèrè tí ó tọ́ ni. Ìlú tí ó ń gba èrò lójoojúmọ́ gbọ́dọ̀ ní ibi tí yóò fi wọ́n sí, ará ìlú sì nílò omi tí ìdídò ń fi pamọ́. Èmi kò sọ pé kí Èkó má kọ́lé. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí ó ra ilẹ̀ tí a fi yanrìn dí mọ iye tí ó san, ṣùgbọ́n obìnrin tí ń yan agbódó kò mọ̀ pé òun náà ń san nínú owó yẹn. Etí tí kò jìn, tí ẹrẹ̀ kún, tí ojú wa rí bí ilẹ̀ tí kò wúlò, òun gan-an ni yàrá ọmọ.

6. Ìgúnlẹ̀

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ fi sílẹ̀. Èkíní, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìwádìí oṣù kan dájọ́ ọ̀sà. Ẹni tí ó bá fẹ́ dí i tàbí gbẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ wo ó ní òjò àti ní ẹ̀ẹ̀rùn. Èkejì, kí a dá ẹ̀gbà tí ó ṣẹ́kù sí, pàápàá ní ẹnu àwọn ọ̀nà omi tí ọmọ edé ń gbà. Ẹ̀kẹta, kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tọ àwọn apẹja lọ, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹja, orúkọ omi àti orúkọ àsìkò tí wọ́n mọ̀ sílẹ̀, nítorí ohun tí kò bá ní orúkọ lẹ́nu wa, kì í pẹ́ kí ó tó kúrò lójú wa.

Àwọn baba wa fún ọ̀sà ní orúkọ tirẹ̀, wọn kò pè é ní òkun, wọn kò sì pè é ní ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwa náà má ṣe sọ ọ́ di ilẹ̀ kí a tó mọ ohun tí ó jẹ́.