Orúkọ Ara Páálí Kọ́ Ni Oògùn
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn obìnrin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sọ ní ìpàdé wọn ní Ẹ̀rìn-Ilé)

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ti owó yíyá àti èlé. Ọ̀rọ̀ oògùn ìfètòsọ́mọbíbí ni, ṣùgbọ́n owó wà nínú rẹ̀, ọmọ sì wà nínú rẹ̀.

Ohun tí ó fà á nìyí. Ọ̀kan nínú wa, tí a kò ní dárúkọ, ti ń lo oògùn oníhóró kan láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí owó rẹ̀ ga ju agbára lọ, ẹni tí ń tà á fún un ní òmíràn tí owó rẹ̀ kéré. Ó rí i pé àwọ̀ páálí yàtọ̀, orúkọ sì yàtọ̀. Ó ní ayédèrú ni, ó jù ú sínú àpótí, kò sì lo ohunkóhun mọ́. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, oyún ti dé. Owó tí ó yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ láti fi ra gàrì, òun ni ó fi gbọ́ bùkátà ìbímọ. A bá a yọ̀ fún ọmọ náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe àkókò tí ó fẹ́ ẹ nìyẹn.

Bí a bá pín gàrì inú àpò kan sí méjì, tí ẹnì kan ń fi mudù wọn tirẹ̀, tí ẹnì kejì dì í sínú ọ̀rá aláwòrán, ǹjẹ́ gàrì ti di méjì? Bẹ́ẹ̀ ni oògùn rí. Ó ní orúkọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ó sì ní orúkọ tí ilé-iṣẹ́ sọ ọ́. Microgynon 30 ti ilé-iṣẹ́ Bayer ti Jámánì ní levonorgestrel 0.15 mg àti ethinylestradiol 0.03 mg nínú hóró kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo Levofem tí àjọ DKT ń tà ní Nàìjíríà: ohun kan náà ni, ìwọ̀n kan náà.

Kí ni ó mú kí irú oògùn bẹ́ẹ̀ dínwó? Ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe oògùn a máa ní ẹ̀tọ́ fún bí 20 ọdún, kí ẹlòmíràn má ṣe é, kí ó lè rí owó ìwádìí rẹ̀ gbà padà. Nígbà tí ọdún náà bá pé, àwọn mìíràn lè ṣe é láìná owó ìwádìí àkọ́kọ́. Nítorí náà, dídínwó nìkan kò sọ oògùn di àbùlà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ di nǹkan wọ̀nyí mú:

1. Ẹ ka lẹ́tà kékeré ara páálí. Orúkọ ohun inú rẹ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀ gbọ́dọ̀ bára mu. Postinor-2 náà ní levonorgestrel, ṣùgbọ́n 0.75 mg ni, ti pàjáwìrì ni, kì í ṣe ti ojoojúmọ́.

2. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1993, kí ẹ sì wo ọjọ́ tí oògùn yóò bàjẹ́.

3. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ páálí àtijọ́ mìíràn ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ tuntun. Ẹ má fi àyè sílẹ̀.

4. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, tàbí ẹni tí ọmọ ọmú rẹ̀ kò tíì pé oṣù mẹ́fà, kí ó kọ́kọ́ rí nọ́ọ̀sì.

5. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ní ilé ìwòsàn ìjọba. Láti 2011 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní kí oògùn ìfètòsọ́mọbíbí jẹ́ ọ̀fẹ́ níbẹ̀.

A kò sọ pé kí ilé-ìtajà ẹgbẹ́ wa máa ta oògùn o. Iṣẹ́ apòògùn tí ó ní ìwé àṣẹ nìyẹn. Ohun tí a ń sọ ni pé, ẹni tí wọ́n bá fún ní páálí tí kò mọ̀, kí ó má jù ú sínú àpótí. Kí ó mú un lọ bá nọ́ọ̀sì tàbí apòògùn lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ojú kò bá ríran ka lẹ́tà kékeré, kí ó pe ọmọ ẹgbẹ́ kan kí wọ́n jọ kà á. Ìrànlọ́wọ́ ara ẹni ni a torí rẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀.