Ìmọ̀ràn fún Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń Lọ sí Berlin

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi ṣe ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ mi lálẹ́ òní nípa àwọn ọmọ wa tí ń lọ kàwé ní ìlú Berlin, olú-ìlú ilẹ̀ Jámánì.

Ohun tí ń fà wọ́n lọ kò fara sin. Ní àwọn yunifásítì ìjọba tí ó wà níbẹ̀, bí i Humboldt tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1810 àti Freie Universität tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1948, ẹni tí ń kàwé fún oyè àkọ́kọ́ kì í san owó ẹ̀kọ́, ìbáà jẹ́ ọmọ onílùú, ìbáà jẹ́ àlejò. Owó tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń dá ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà nìkan ni yóò san.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kì í ṣe oúnjẹ ọ̀fẹ́. Kí ìjọba Jámánì tó fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwé ìwọ̀lú, wọ́n fẹ́ rí owó tí yóò fi gbọ́ bùkátà ara rẹ̀ fún ọdún kan gbáko. Nígbà tí wọ́n tún iye rẹ̀ ṣe ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ó di yúrò 11,904. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá tì í mọ́ báńkì, yúrò 992 ni wọn yóò máa yọ fún un lóṣooṣù. Kí ẹnikẹ́ni má sì gbójú lé iṣẹ́ ọwọ́ jù: òfin tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2024 fi àyè iṣẹ́ àlejò akẹ́kọ̀ọ́ sí 140 ọjọ́ gbáko lọ́dún, tàbí 280 ààbọ̀ ọjọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni ti ilé gbígbé. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí a ti fara balẹ̀. Òfin Jámánì sọ pé ẹni tí ó bá kó wọ ilé gbọ́dọ̀ lọ fi orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba àdúgbò, tí wọ́n ń pè ní Bürgeramt, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Anmeldung ni wọ́n ń pe ìforúkọsílẹ̀ náà. Onílé, tàbí ẹni tí ó gba ni sílé, gbọ́dọ̀ kọ ìwé, kí ó sì fọwọ́ sí i, pé lóòótọ́ ni ẹni náà kó wọlé. Ìwé ẹ̀rí tí wọn yóò fún ni lẹ́yìn èyí ni ìyá gbogbo ìwé ní Berlin. Láti inú ìforúkọsílẹ̀ náà ni nọ́ńbà owó-orí ti ń jáde. Ọ̀pọ̀ báńkì ń béèrè ìwé ẹ̀rí yìí. Àwọn tí ń fún àlejò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú náà ń béèrè rẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá wí fún yín pé, ‘Yàrá wà, ó sì dínwó, ṣùgbọ́n o kò lè forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀,’ ẹ má ṣe bá a dúnàádúrà. Àtubọ̀tán rẹ̀ ni pé ọjọ́ ìwé ìwọ̀lú lè pé láìrí òmíràn gbà, kí ẹ̀kọ́ tí a tìtorí rẹ̀ ta ilẹ̀ bàbá sì dúró sójú kan. Ẹ má sì fi owó ránṣẹ́ láti ilé fún yàrá tí ẹ̀yin tàbí ẹni tí ẹ mọ̀ kò fojú rí. Gbájúẹ̀ wà ní Berlin bí ó ti wà ní Èkó. Àwòrán ilé onílé ni ó ń tà. Owó tí onílé ń gbà sọ́wọ́ nítorí ohun tí ó lè bàjẹ́ kò gbọdọ̀ ju owó ilé oṣù mẹ́ta lọ, láìka owó omi àti ti ooru ilé mọ́ ọn. Òfin sì gbà kí a san án ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ilé akẹ́kọ̀ọ́ tí Studierendenwerk ń tọ́jú dínwó, ṣùgbọ́n èrò pọ̀ níbẹ̀. Ọjọ́ tí ìwé ìgbaniwọlé bá tẹ̀ yín lọ́wọ́ ni kí ẹ ti forúkọ sílẹ̀ fún un.

Ní ti èdè, tí í ṣe iṣẹ́ tèmi, èdè Jámánì ní ‘du’ àti ‘Sie’ gẹ́gẹ́ bí àwa ti ní ‘o’ àti ‘ẹ’. Ọmọ Yorùbá yóò tètè lóye èyí, ṣùgbọ́n kí ó ṣọ́ra: ọjọ́ orí nìkan kọ́ ni wọ́n ń wò, bí ènìyàn méjì ti mọ ara wọn tó ni. Akọ̀wé ọmọ ogún ọdún ní Bürgeramt, ‘Sie’ ni. Àgbàlagbà tí ẹ jọ jókòó ní kíláàsì, ‘du’ ni. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò fi kọ́ yín, èdè Jámánì ni lẹ́tà ìjọba yóò máa bá yín sọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ nílé. Goethe-Institut wà ní Èkó.

Ó ku díẹ̀. Bí ẹ bá rí ‘c.t.’ lára àkókò ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn agogo ni yóò bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ‘s.t.’, agogo gan-an ni. Láti agogo mẹ́wàá alẹ́ ni kí ariwo ti rọlẹ̀ nínú ilé. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ṣọ́ọ̀bù kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú. Nínú oṣù Kejìlá, oòrùn a máa wọ̀ kí agogo mẹ́rin tó lù, òkùnkùn náà sì lè mú ọkàn rẹ̀wẹ̀sì. Ẹ má ṣe dá nìkan jókòó.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí ẹ bá ń kọ ìwé ẹ̀rí fún ọmọ tí ń lọ, ẹ bi í pé, ‘Ta ni yóò fọwọ́ sí ìwé ilé rẹ?’ Bí kò bá rí èsì fọ̀, ìmúra rẹ̀ kò tíì pé. Abéèrè kì í ṣìnà.